Ẹnu-Oyin àti Àga Funfun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó, kí ẹ sì kọ́kọ́ nu ẹnu yín nù, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mímọ́ ni mo gbé dé. Ọkùnrin kan wà tó gbà pé nínú gbogbo ẹnu tí Ọlọ́run dá, tòun nìkan ló mọ́. Kó tó sọ̀rọ̀, á fi ìka nu igun ètè méjèèjì, bí ẹni pé nǹkan dídùn kan fẹ́ ṣòfò sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ẹnu-Oyin. Ẹni tó bá ń dúró kí aládùúgbò yin òun, ó lè pẹ́ níbẹ̀, òun kò sì ní àkókò.

Òun ni Ọ̀gá Àgbà Ilé-Iṣẹ́ Ìmọ́tótó Ẹnu. Kó tó dé, ilé-iṣẹ́ náà kò sí. Òun ló lọ bẹ ìjọba pé kí wọ́n dá a sílẹ̀, torí ó ní èébú ti pọ̀ jù nílùú. Ẹ jẹ́ ká bá olóòótọ́ sọ òótọ́: kò parọ́ níbẹ̀. Ní ibùdókọ̀, nídìí ẹ̀rọ omi, níbi táwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, èébú ni. Àwọn ọmọ iléèwé ti ń fi "olórí burúkú" kí ara wọn káàárọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu wa bá jẹ́ aṣọ ni, ìtìjú kò ní jẹ́ ká lè sá a síta. Iṣẹ́ gidi ni ọkùnrin yìí fẹ́ ṣe. Ọwọ́ tí iṣẹ́ náà bọ́ sí ló burú.

Ẹni tó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù lọ ni awakọ̀ rẹ̀.

Bàbá Awakọ̀ ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Ó dàgbà ju Ẹnu-Oyin lọ dáadáa, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá. Irun orí rẹ̀ ti funfun tán nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ṣì ń ní kí wọ́n kun tirẹ̀ ní dúdú. Ìyá tó bí i kò gba èébú láyè nínú ilé, ẹnu mímọ́ ti mọ́ ọn lára láti kékeré, kò sì lè bú èèyàn. Ọlọ́kadà kan gbá dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò rẹ̀ lọ nígbà kan, kò dúró, kò sì bẹ̀bẹ̀. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ń retí ohun tí bàbá máa sọ. Ó ní, "Kí Ọlọ́run jẹ́ kó délé o." Wọ́n ní ṣé kò bínú ni. Ó ní òun bínú, òun ti sọ ọ́ báyìí.

Ẹ wá wo irú ẹni tí Ẹlẹ́dàá so irú èèyàn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Láràárọ̀, Ẹnu-Oyin á jáde sí iwájú ilé rẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ayé, á tẹrí ba fún àwọn arúgbó, á kí aláta, á kí agbálẹ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́." Á wọ mọ́tò. Ilẹ̀kùn á dé. Gíláàsì á lọ sókè. Háà!

"Ìwọ àpò ìyẹ̀fun tó ń jò yìí! Ta ló ní kó o gba ọ̀nà ibí? Ewúrẹ́ tó wọ bàtà! Ẹ wo bó ṣe di sítíárì mú, bí ìgbín tí wọ́n fún níwèé ìwakọ̀!"

"Ẹ má bínú, sà."

"Má dá mi lóhùn! Agolo òfìfo! Bí wọ́n bá ju òkúta sínú orí yẹn, ó di ọ̀la kó tó balẹ̀!"

Kí ẹ sì fi etí sílẹ̀ dáadáa níbí, torí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Èébú tí gbogbo ayé ń bú kò wu Ẹnu-Oyin. "Wèrè", "òmùgọ̀", "ọ̀lẹ", èébú tálákà ni gbogbo ìyẹn lójú rẹ̀. Òun ń dá èébú tirẹ̀ rán ni, bí ẹni tó ní télọ̀ nínú ilé. Kò sí ẹlòmíì tó ń wọ irú rẹ̀ nílùú.

Bàbá Awakọ̀ á gbé e mì. Iṣẹ́ ni, ilé sì ń jẹun. Ohun tó ń dùn ún jù kì í ṣe èébú náà gan-an. Ó ní ọmọ obìnrin kan, àgbà ọmọ rẹ̀, tó jọ ìyá tó bí Bàbá Awakọ̀ débi pé "Ìyá mi" ló ń pè é. Èmi náà á máa pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ yìí, ọmọ náà bi í pé, "Bàámi, báwo ni ọ̀gá yín ṣe rí?" Baba kì í fẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé wọ́n ń fi òun wọ́lẹ̀. Ó ní, "Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. 'Bàbá' ló ń pè mí." Irọ́ kan ṣoṣo tó pa nìyẹn láyé rẹ̀, kò sì sí bó ṣe fẹ́ gbà á padà mọ́. Ọmọ ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyàwó ti sọ fún àwọn àna.

Ó tún wá ṣẹlẹ̀ pé Ilé-Iṣẹ́ Ìmọ́tótó Ẹnu ń wá Ẹ̀ṣọ́ Ẹnu, àwọn tí yóò máa kiri ìlú pẹ̀lú fèrè lọ́rùn, tí wọn yóò máa mú ẹni tó bá bú èèyàn. Ọmọ náà ti wá iṣẹ́ títí, bàtà rẹ̀ ti jẹ. Ó gba fọ́ọ̀mù, wọ́n mú un. Inú bàbá dùn, ẹ̀rù sì bà á. Ó ń ronú pé lọ́jọ́ kan ni Ìyá mi yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò yẹn.

Ẹ jẹ́ n mú yín wọ ọ́fíìsì náà kí ẹ rí nǹkan. Ní òwúrọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnu-Oyin á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fi ìka nu ètè, á pariwo pé, "Oyin ti kán!" Wọ́n á dáhùn pé, "A ti lá a!" Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá kéré, á tún un lá. Akọ̀wé Àgbà, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an kò yé ẹnikẹ́ni, máa ń pa ojú dé bó bá ti lá a tán, á mi orí, á ní, "Ti òní tún dùn ju ti àná lọ, sà." Àgbàlagbà ni o. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ.

Níwájú ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n gbé àga kan sí gbangba, wọ́n kùn ún ní funfun báláú, wọ́n sì gbé korobá omi àti ife kan tì í. Ẹni tí Ẹ̀ṣọ́ bá mú, orí àga yìí ni yóò jókòó, yóò bu omi sẹ́nu kún, kò gbọdọ̀ gbé e mì, kò gbọdọ̀ tu ú, títí agogo ńlá ara ògiri yóò fi lù. Bó bá tu ú, yóò bu òmíràn, yóò dúró de agogo mìíràn. "Kí omi fọ ohun tí ọṣẹ kò lè dé!" ni Ẹnu-Oyin kọ sára ògiri lókè àga náà, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé ẹlòmíì ló rò ó.

Ó wá ku kí wọ́n kọ́ àwọn Ẹ̀ṣọ́. Báwo lèèyàn ṣe máa mú ẹni tó bú èèyàn bí kò bá mọ èébú? Akọ̀wé Àgbà dábàá pé kí wọ́n kọ àwọn èébú náà sínú ìwé. Ẹnu-Oyin fò sókè. Ìdọ̀tí kẹ̀? Lórí bébà ìjọba? Láéláé! Wọn kò ní kọ ọ́, wọn kò ní tẹ̀ ẹ́. Ẹnu rẹ̀ ló máa fi kọ́ wọn, kí wọ́n fi etí gbà á, bí ó ti yẹ.

Bàbá Awakọ̀ ló gbé omi mímu ọ̀gá wọ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì ní kó dúró sí kọ̀rọ̀. Ìyá mi jókòó sí iwájú, aṣọ tuntun, fèrè tuntun, ẹ̀yìn rẹ̀ nà tọ́ọ́tọ́. Ẹnu-Oyin nu ètè. Ojú rẹ̀ tàn. Ó pẹ́ tó ti ń wá irú àwùjọ báyìí.

"Èkíní!" ló wí. "Ìwọ àpò ìyẹ̀fun tó ń jò yìí! Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún? Bí ẹ bá gbọ́ èyí, fèrè!" Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. "Èkejì! Ewúrẹ́ tó wọ bàtà!" Ó ń bú èébú yìí, ó ń láàgùn, ó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ń fi ọmọ tó bí hàn fún àlejò. Ní kọ̀rọ̀, Bàbá Awakọ̀ ń wo ilẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló lè sọ ojú ọ̀nà tí wọ́n ti bú u fún un, àti ohun tó fà á.

"Ìgbín tí wọ́n fún níwèé ìwakọ̀!"

Àwọn Ẹ̀ṣọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ta ni wọ́n lè bú báyẹn?"

"Ó máa ń wà," ni Ẹnu-Oyin dáhùn, kò tilẹ̀ wo kọ̀rọ̀. "Ó máa ń wà."

Ife omi ọ̀gá ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá Awakọ̀. Ó gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ kan dìde lẹ́yìn, ó ní, "Sà, 'òmùgọ̀' àti 'wèrè' ńkọ́? Àwọn la máa ń gbọ́ jù ládùúgbò."

Ojú Ẹnu-Oyin bàjẹ́. "Eku nìyẹn! Ẹ̀ṣọ́ ìjọba kì í lé eku. Ẹkùn ni kí ẹ dúró dè. Ohun tí mo bá fi ẹnu ara mi kọ́ yín nìkan ni kí ẹ fọn fèrè sí. Èyí tí mi ò kọ́ yín, ẹ ò gbọ́ ọ." Ó gbé ìka sókè. "Òfin yìí kò sì mojú ẹnikẹ́ni! Bó ṣe ọba, bó ṣe ìjòyè, bó ṣe èmi alára, ẹ fọn ọ́n! Ẹ̀ṣọ́ tó bá gbọ́ tí kò fọn, kó bọ́ aṣọ mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Akọ̀wé Àgbà sunkún díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bọ́ síta nìyẹn o. Ẹ̀ṣọ́ níbi, Ẹ̀ṣọ́ lọ́hùn-ún. Obìnrin méjì gbá ara wọn mú nídìí ẹ̀rọ omi, ọ̀kan ní "wèrè," èkejì ní "wèrè ni bàbá rẹ," wọ́n dárúkọ gbogbo ìdílé ara wọn tán. Ẹ̀ṣọ́ dúró tì wọ́n, ó da etí sílẹ̀, ó ń retí àpò ìyẹ̀fun. Kò gbọ́ àpò ìyẹ̀fun. Ó kí wọn, ó kọjá lọ. Ta ni yóò tilẹ̀ dúró níbi tó ti ń jà kó máa wá ewúrẹ́ tí yóò wọ bàtà fún? Títí òjò fi dá, fèrè kan kò dún. Ẹnu-Oyin jáde sórí rédíò, ó kéde pé èébú ti tán nílùú, òun ló pa á.

Ó wá dé ọ̀dọ̀ Mínísítà.

Mínísítà náà, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ń wá igbákejì. Ó gbọ́ ti ìlú tó ti mọ́ lẹ́nu, ó sì ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ẹnu-Oyin kò sùn dáadáa mọ́. Ó ti ń gbé ẹsẹ̀ bí igbákejì Mínísítà. Ó ti ní kí wọ́n wọn ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, bóyá kò ní gba igbákejì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó rán náà ní ìrù: Mínísítà fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí àga funfun náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Gbogbo wọn jáde lọ wo àga. Ó ń dán. Ìdí ẹnikẹ́ni kò kàn án rí. Alántakùn kan ti ta sínú ife.

"Ó di dandan," ni Ẹnu-Oyin wí, "kí ẹnì kan bú ẹnì kan lọ́jọ́ náà." Kò pẹ́ tó fi rí ẹni náà. Nínú mọ́tò ni, gíláàsì ti lọ sókè. "Ìwọ! Nígbà tí mo bá wúkọ́, wàá bọ́ síwájú Mínísítà, wàá bú ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì. 'Ewúrẹ́ tó wọ bàtà' ni kó o sọ. Kò ṣòro, o ti gbọ́ ọ tó. Wọ́n á fọn fèrè, wàá jókòó, wàá mu omi sẹ́nu, Mínísítà á pàtẹ́wọ́."

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi máa wà níbẹ̀."

"Ọmọ rẹ ló tún yẹ kó fọn ọ́n. Bí o ò bá sọ ọ́, ìwọ àti ọmọ ọ̀hún, ẹ wá iṣẹ́ míì. Agolo!"

Ẹ wo ọ̀rọ̀ bí ó ti rí. Bó bá sọ ọ́, ọmọ tó fi ẹnu mímọ́ tọ́ yóò gbọ́ ìdọ̀tí lẹ́nu bàbá rẹ̀ níwájú gbogbo ìlú. Bí kò bá sọ ọ́, oúnjẹ ilé bọ́, iṣẹ́ ọmọ bọ́. Bàbá Awakọ̀ lọ bá ọkùnrin géètì, aláwàdà kan báyìí, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí.

"Ẹ wò ó, Bàbá, ẹ máa fi mí kọ́ ọ," ni ọkùnrin náà wí, ó sì na àyà. "Ẹ bú mi. Ara mi ti gbó."

"Ìwọ… ìwọ ọkùnrin yìí…"

"Ẹ ń gbìyànjú. Ẹ tẹ̀ síwájú."

"Ìwọ ọkùnrin yìí, tí… tí o kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́…"

"Bàbá! Èébú la ní!"

"Ìwọ tí ìyàwó rẹ… ṣé ara rẹ̀ ti yá?"

"Ó ti yá, ẹ ṣé. Ẹ̀yin ni ẹ máa pa ara yín yìí." Ọkùnrin géètì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó nu ojú. "Ẹ sáà sọ ohun tó ń sọ sí yín nínú mọ́tò. Gíláàsì yẹn kò nípọn tó bó ṣe rò. Gbogbo wa là ń gbọ́."

Bàbá Awakọ̀ wò ó. "Ìyá mi ńkọ́?"

"Òun nìkan ni kò gbọ́."

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta ìbòrí, wọ́n to àga, gbogbo Ẹ̀ṣọ́ dúró lẹ́sẹẹsẹ, Ìyá mi wà ní iwájú. Mínísítà jókòó, ó ń fi ìwé ètò fẹ́ ara rẹ̀. Ẹnu-Oyin dìde, ó nu ètè ọ̀tún, ó nu ètè òsì.

"Mínísítà wa ọ̀wọ́n! Oòrùn tó ń ràn tí kì í jóni! Omi inú àmù tí òùngbẹ ìlú ń sáré bọ̀ wá bá! Èmi ẹni kékeré yìí, tí gbogbo ayé ń pè ní ẹni ńlá láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n, mo dúró níwájú yín pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ tí kò sí irú rẹ̀ rí. Nílùú yìí, ẹnu ti mọ́! Ó mọ́ débi pé bí ajá bá fẹ́ gbó, á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Àwọn ọmọ ọwọ́ ń sunkún ní ohùn pẹ̀lẹ́. Kí ni èébú? Àwọn ọmọ yín yóò máa bi yín léèrè, ẹ ó sì ní, ó ti pẹ́, Ẹnu-Oyin ló lé e lọ!"

"Ó ti lé e lọ!" ni Akọ̀wé Àgbà kígbe.

Ó sọ̀rọ̀ títí yìnyín inú ohun mímu fi yọ́. Mínísítà ní, "Ó dáa. Àga yẹn, ta ló ti jókòó síbẹ̀ rí?"

Ẹnu-Oyin wúkọ́.

Bàbá Awakọ̀ jáde. Ó dúró níwájú ọkùnrin géètì, tó ti na àyà dè é. Lápá ọ̀tún, ó rí ojú ọmọ rẹ̀, tí kò mọ ohun tí bàbá òun wá ṣe níbẹ̀.

"Ìwọ," ló wí.

Ẹnu-Oyin mi orí, ó ń fi ojú tì í síwájú.

"Ìwọ…" Ó tún ẹnu ṣe. Ó yà á. "Ẹ káàsán o. Iṣẹ́ ń lọ?"

"A dúpẹ́, Bàbá," ni ọkùnrin géètì dáhùn, kí ló tún fẹ́ ṣe?

Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn. Ẹnu-Oyin wúkọ́ bí ẹni tí eegun há lọ́rùn. Bàbá Awakọ̀ tún gbìyànjú. "Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Mínísítà gbé ìwé ètò kúrò lójú. Ẹnu-Oyin sọ̀kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó ń rẹ́rìn-ín síta, ó ń pa eyín keke nínú, ó rọra sọ pé, "Bú u."

"Ẹ má bínú, sà. Kò jáde."

"Kò jáde kẹ̀?"

"Mo ti gbìyànjú, sà. Kò sí níbẹ̀ ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ipò igbákejì Mínísítà ń yọ́ lójú ọkùnrin yìí bíi yìnyín. Ìbínú ru. Ó gbàgbé pèpéle, ó gbàgbé Mínísítà, ó gbàgbé pé kò sí gíláàsì kankan láàárín òun àti ayé.

"Ìwọ àpò ìyẹ̀fun tó ń jò yìí!"

Etí gbogbo Ẹ̀ṣọ́ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà òjò ni wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Ìyá mi gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbọ́ ohùn náà, ohùn ẹni tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti mọ́ lẹ́nu. Ó wo bàbá rẹ̀. Kò ya bàbá lẹ́nu rárá. Ó kàn ti tẹ orí ba bí ẹni tó ń dúró kí òjò kọjá. Ó gbé ojú sókè, ó rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lára fèrè, ó mi orí sí i pé rárá, má ṣe é, iṣẹ́ rẹ ni.

Ìyá mi fọn ọ́n. Fííí! Ó fọn ọ́n débi pé ẹyẹ gbéra lórí òrùlé.

"Kì í ṣe èmi! Ewúrẹ́ tó wọ bàtà yìí ni!"

Fííí! Fííí! Gbogbo wọn bá a fọn ọ́n.

"Ẹ dákẹ́! Ẹ̀yin ìgbín tí wọ́n fún níwèé… ẹ̀yin agolo… ẹ ní kí wọ́n dákẹ́!" Bó bá ti ju ọ̀kan síta, fèrè á gbà á. Gbogbo ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ wọn ni wọ́n mọ̀, kò sì fi ọ̀kan sílẹ̀.

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, Mínísítà béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Kí ni òfin wí?"

Akọ̀wé Àgbà ló dáhùn, ó ti bu omi sínú ife, ó tilẹ̀ ti nu alántakùn kúrò. "Bó ṣe ọba, bó ṣe ìjòyè, bó ṣe òun alára, Màmá!" Ẹ wo ọkùnrin tó sunkún lọ́jọ́ ẹ̀kọ́.

Wọ́n mú Ẹnu-Oyin lọ sórí àga funfun. Ó bu omi sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Mínísítà dúró níwájú rẹ̀. "Ṣé ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ?" Ó ní "Mmm." Omi ṣẹ́ jáde nígun ètè rẹ̀, ó rọra kán sí àyà aṣọ. Láti ẹ̀yìn, ọkùnrin géètì pariwo pé, "Oyin ti kán!"

"A ti lá a!" ni gbogbo gbàgede dáhùn.

Mínísítà gbìyànjú, kò rẹ́rìn-ín. "Igbákejì mi á máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀," ló wí. "Ní tiyín, màá wá ibi tí èèyàn ò ti ní pọ̀ fún yín." Ó sì wá a. Títí di òní, Ẹnu-Oyin ni ọ̀gá itẹ́ òkú ìlú, kò sì tíì sí ẹni tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dìde, agogo kò tíì lù.

Àwọn èèyàn ń tú ká. Oòrùn mú. Àga funfun kò ní ìbòrí, ẹni tó ṣe é kò rò pé òun ló máa jókòó síbẹ̀. Bàbá Awakọ̀ lọ sídìí mọ́tò, ó mú agboòrùn ọ̀gá rẹ̀ bó ṣe máa ń mú un, ó sì wá dúró tì í, ó ṣí i lé e lórí. Ìyá mi wá bá a níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Bàámi, bó ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

Ẹnu-Oyin jókòó sáàárín wọn, omi kún ẹnu rẹ̀, kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Etí nìkan ló ní.

"Inú ló bí i lónìí," ni Bàbá Awakọ̀ wí.

"Ẹ ní 'Bàbá' ló ń pè yín. Ẹ sọ fún mi. Mo sọ fún gbogbo èèyàn." Omijé bọ́. "Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó ń kọ́ wa. Ẹ wà níbẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín."

"O ò mọ̀, Ìyá mi. Má sunkún." Bàbá yí agboòrùn díẹ̀, kí oòrùn má baà kan orí ọkùnrin tó jókòó. "'Bàbá' náà ló ń pè mí. Ó lè jẹ́ pé ó gbàgbé lónìí ni."

Ẹnu-Oyin gbọ́ irọ́ yìí. Ẹni tó bú látọjọ́ yìí ló ń bò ó láṣìírí níwájú ọmọ tí wọ́n bú bàbá rẹ̀. Kò sí ohun tó lè ṣe ju kó di omi mú lọ.

Agogo lù.

Ó tẹ̀ síwájú, ó tu omi sílẹ̀. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ tó kù sáré súnmọ́ ọn, fèrè ti wà lẹ́nu wọn, torí kò sí ẹni tí kò mọ irú ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣófo yìí. Ìyá mi náà fi tirẹ̀ sẹ́nu. Ẹnu-Oyin fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè. Ó wo ilẹ̀, ó wo agboòrùn, ó wo ẹni tó dì í mú. Mi ò ní fi orúkọ mi búra pé ó yí padà. Mo ń sọ ohun tí wọ́n gbọ́ ni.

"Bàbá," ló wí.

Àwọn Ẹ̀ṣọ́ wo ojú ara wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀gá kò kọ́ wọn rí. Ìyá mi ló kọ́kọ́ yọ fèrè kúrò lẹ́nu.